Ibi Tí Ohùn Ìyá Wa Jókòó Sí

Ẹ fa àga súnmọ́ mi, kí ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì ń yà mí sí i.

Ifọ̀ ni wọ́n gbé ìyá wa níyàwó lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, kò fi orúkọ pe ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ọkọ rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ibi tí kálukú ń gbé ló fi ń pè wọ́n: Ọkọ-mi Ẹ̀bá-Kànga, Ìyá Ojúde, Baba Ìdí-Orógbó. Nígbà tí ara rẹ̀ kò le mọ́, ó ka gbogbo wọn fún wa láti ojúde dé ẹ̀yìnkùlé, ó ń sọ ìtàn wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. A gba ohùn rẹ̀ sórí sídì kan. Kò sí ẹ̀dà mìíràn.

Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Nílé wa, a kì í jẹ́ kí nǹkan òkú pínyà títí di ọjọ́ tí a bá pín ogún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n kó fọ́tò ìsìnkú rẹ̀ sórí sídì kan náà. Nígbà tí a fi í sínú kọ̀ǹpútà, fọ́tò nìkan la rí. Àbúrò mi obìnrin yọ sídì náà, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí a pín ogún.

Mo gbé e lọ bá obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Lotto, ní Mowe. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gba sídì náà, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀.

“Bàbá, ẹ wo ìlà yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ ọ́. Irú sídì yìí, ohun tí wọ́n bá ti kọ sí i kì í parẹ́.”

“Ohùn ìyá mi wá dà?”

“Ó wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ló di méjì. Èyí tó kẹ́yìn ni kọ̀ǹpútà ń kà, wọn ò sì kó ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn.”

“Tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe máa mọ̀ ọ́n?”

“Àwa la nílò orúkọ, Bàbá. Ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe gùn tó ni kọ̀ǹpútà fi ń rí i. Lórí sídì yìí, kò sẹ́ni tó lè ṣí i nípò.”

“Ìyàwó ilé ni kọ̀ǹpútà nígbà náà.”

“Ṣùgbọ́n kì í kúnlẹ̀, sà.”

Ó ní kí ẹ̀rọ náà padà sí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. A dúró. Ohùn ìyá wa jáde: “Ọkọ-mi Ẹ̀bá-Kànga, ẹ ẹ̀ jí bí?” Mo ṣí fìlà. Wọ́n ti dí kànga yẹn tipẹ́, ẹni tí ó ń kí sì ti kú kí wọ́n tó dí i. Síbẹ̀, ìkíni náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ṣìnà.

Nígbà tí a pín ogún, àbúrò mi ló gba sídì náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tún fi nǹkan kan kún un o.” Ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Arepo gba ẹ̀dà tí a ṣe láti ara rẹ̀. Èmi jogún àga tí ìyá wa máa ń jókòó sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mi ò tíì ṣí i nípò.