Ọwọ́ Oníke Tí Ọmọ Mi Fẹ́ràn

Bí mo bá ti gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ nílẹ̀ gàràgàrà, mo mọ̀ pé ọmọ mi obìnrin ló ń rákò bọ̀. Ọwọ́ kan ló já lára ọmọlangidi ńlá tí mò ń wọ aṣọ fún níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Tẹjúoṣó, màdáámù kékeré yìí sì sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ tó ń wọ́ kiri. Bó bá ń jẹ ẹ̀bà, ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ. Kódà àlùbọ́sà tútù tó máa ń jẹ bí ẹni ń jẹ ápù, ó ń fi lọ̀ ọ́.

Àmọ́ ó ti lé lọ́dún kan ààbọ̀, kò tíì rìn, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní, "Gba ọwọ́ yẹn, ìyàwó. Òun ni ò jẹ́ kó dìde."

Mo ní, "Ẹ gbà á fúnra yín, Màámi, kẹ́ ẹ wá pọn ẹkún ẹ̀ sẹ́yìn."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ dìde nílé. Ó di ìka oníke yẹn mú bí ẹni tí àgbà ń fà lọ́wọ́, ó sì rìn wá bá wa.

Ní báyìí, ìyá ọkọ mi ló ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà. Wọ́n tún ń kí i kú iṣẹ́.