Ẹ̀rọ Tó Bàjẹ́ Kì í Rìn

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba Aṣírò síṣẹ́, ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ẹja ni wọ́n ní kó o máa kà? Ṣé torí ẹ̀ náà lo ṣe lọ sí yunifásítì?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn náà ló sọ ọ́ ní Aṣírò láti kékeré, torí kì í rí nǹkan kó má kà á.

Àjọ kan tó ń dáàbò bo odò ló gbà á, pé kó máa tú dátà tí àwọn ẹ̀rọ inú omi ń fi ránṣẹ́ palẹ̀. Àmọ́ wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Bí ọ̀gá bá ní iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa, ilé yá nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ kì í fi í balẹ̀. Ohun tó ti yẹ̀ wò tán, á tún padà yẹ̀ ẹ́ wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sípàdé. Aṣírò ṣí kọ̀ǹpútà, ó rí i pé atẹ́gùn tí ẹja ń mí nínú omi ti já wálẹ̀ lójijì níbi ẹ̀rọ tó wà lókè odò. Ó pe ọkùnrin tó jókòó tì í, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹ̀gbọ́n.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni Ẹ̀gbọ́n wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹrẹ̀ ló bò ó. Fọkàn balẹ̀, jàre."

Ọkàn wo ló fẹ́ balẹ̀? Nísàlẹ̀ odò, àjọ náà ní adágún kan tí wọ́n ti ń tọ́ irú ẹja kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán. Omi odò ló ń gba ẹnu ilẹ̀kùn kan wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn omi láìnídìí, àwọn ọmọ ẹja lè kú sínú omi tí kò ṣàn. Bí wọn ò bá tì í ńkọ́? Aṣírò gbé fóònù, ó tún gbé e kalẹ̀. Ta ni òun, ọmọ àná, tí òun á máa pàṣẹ?

Ibi tó ti ń rò ó ni atẹ́gùn ti já wálẹ̀ níbi ẹ̀rọ kejì náà. Nígbà tó yá, ti ẹ̀kẹta tó sún mọ́ adágún náà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kì í rìn!" ni Aṣírò wí. "Nǹkan kan ló ń ṣàn bọ̀ láti ẹ̀rọ kan dé èkejì. Ẹ wò ó!"

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà.

Aṣírò pe bàbá tó ń tọ́jú adágún. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn omi báyìí."

"Ta ló ní kí n tì í? Ọ̀gá ńkọ́?"

"Ọ̀gá wà nínú ọkọ̀ òfuurufú. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ tì í. Bó bá dẹjọ́, ẹ dì í rù mí."

Lẹ́yìn náà, ó jókòó bí ẹni tó jókòó lórí ẹ̀gún. Bí yóò ṣe sọ fún ìyá rẹ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ ló ń rò.

Ọ̀sán ti pọ́n kí bàbá tó pè padà. "Ọmọ mi, òkú ẹja ti bo ojú odò. Tiwa wà láàyè, àmọ́ àwọn tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ti kú kó o tó pè."

Aṣírò bú sẹ́kún. Àwọn tó kú yẹn ló ká a lára, pé ká ní òun ò gbé fóònù kalẹ̀ ni.

Nígbà tí ọ̀gá dé, ó pè é wọlé. "Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Kò sẹ́nìkan, mà."

Obìnrin náà ní kó jókòó. "Lọ́jọ́ mìíràn, bí o ò bá rí mi bá sọ̀rọ̀, má dúró. Bó bá jẹ́ àṣìṣe, àwa méjèèjì la jọ máa jẹ́jọ́ ẹ̀."

Wọ́n gbà á síṣẹ́ pátápátá. Síbẹ̀, títí dòní, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ lù kìkìkì kó tó ṣí kọ̀ǹpútà láàárọ̀.