Mo Ń Pe Agbẹ̀bí, Fáànù Ni Mo Pa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Àbúrò mi, Ràfíátù, bímọ ní ilé ìwòsàn àdáni kan ní Savalou lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi ni mo gbé e lọ láti Bantè, torí oko kájú ní Lougba ni ọkọ rẹ̀ wà. Ọmọ náà wálẹ̀ láyọ̀, obìnrin ni. Wọ́n gbé wọn sí yàrá, agbẹ̀bí na ọwọ́ sí ògiri, ó ní tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí n tẹ bọ́tìnnì, òun á dé kíá. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Bọ́tìnnì mẹ́rin ló wà lára ògiri yẹn o! Gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn rí bákan náà. Ta ló ṣe irú èyí?

Kò pẹ́, Ràfíátù ní òòyì ń kọ́ òun. Mo ṣí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ ti rin ibùsùn. Mo tẹ bọ́tìnnì tó sún mọ́ mi jù. Fáànù dúró. Mo tẹ òmíràn, iná kú. Mo tún un tẹ̀, iná tàn. Mo tẹ ẹ̀kẹta, kò dún, kò tàn, ni mo bá gbà pé òun nìyẹn. Mo di ọwọ́ àbúrò mi mú, mò ń retí wọn.

Ẹnì kankan ò wá. Nígbà tí ojú rẹ̀ ń yí, mo sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo figbe ta.

Ọlọ́run ṣeun, wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Ara wa balẹ̀ tán, ni agbẹ̀bí wá kọjú sí mi.

"Táńtì, wọ́n kọ 'appel' sára rẹ̀. Àbí ẹ ò mọ̀wé ni?"

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà ní Pira! Mo lọ wò ó. Lóòótọ́ ni wọ́n kọ ọ́, 'ìpè' lédè Faransé, sára ẹ̀kẹrin: lẹ́tà tí kò tó hóró ìrẹsì, àwọ̀ eérú lórí funfun.

Mo wá ọ̀gá wọn lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣì í tẹ̀, pé kí wọ́n máa fara balẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́? Ó mọ̀!

"Ọ̀gá, tó bá jẹ́ àbúrò yín ni ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ṣé ẹ máa fara balẹ̀?"



Mo padà sí yàrá, mo mú ọ̀dà èékánná pupa nínú báàgì Ràfíátù, mo fi kun bọ́tìnnì ìpè náà. Agbẹ̀bí dúró, ó ń wò mí. Kò bá mi jà. Ó gba ìgò ọ̀dà náà lọ́wọ́ mi, ó lọ kun ti yàrá kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bọ́tìnnì, ìbáà jẹ́ ti ara ògiri tàbí ti inú fóònù, ẹ gbọ́: ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ráyè kàwé, ọwọ́ rẹ̀ á kàn máa táràrà ni. Ẹ ya èyí tó ṣe pàtàkì sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kó dún tàbí kó tàn, kí èèyàn mọ̀ pé wọ́n gbọ́ òun. Tí gbogbo èèyàn bá ń ṣì í tẹ̀, ẹni tó ṣe é ló ṣì í ṣe.

Ẹ̀yin ńkọ́? Nǹkan wo ni wọ́n ti ṣe lódìlódì fún yín, tí wọ́n tún wá dá yín lẹ́bi? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Inú tó ń bí mi ò tíì rọ̀, mo ráyè kà á.