Ẹnubodè Tí A Gbà Wọ Ìlú Bàbá Mi

Òórùn òkúta tútù ni mo kọ́kọ́ rántí. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú ní Largo, ìlú òkèèrè tí mo ń gbé báyìí, tí mo sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri olókùúta tó wà lẹ́yìn ilé wa lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, òórùn náà a tún gba imú mi: òkúta, ewé jíjẹrà, omi. Lójú kan náà, mo ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ mú mi lọ sí ìlú wọn.

Ìbàdàn ni a ń gbé nígbà náà. Ní àràárọ̀, bí mo bá kúnlẹ̀ kí màmá mi, wọn a gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọn a ní, "Ọmọ oníbodè, ọmọ a-tìlẹ̀kùn-kógun-tó-dé." Bàbá mi ló fi oríkì náà kọ́ wọn. N kò mọ ohun tí bodè jẹ́, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá tíì kì mí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ilẹ̀ kò tíì mọ́.

Ìlú àtijọ́ ni ìlú náà. Yàrà jíjìn àti odi amọ̀ tó ti ń wó yí i ká lọ́nà mẹ́ta. Lọ́nà kẹrin, kò sí yàrà, kò sí odi. Omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta ló dí ibẹ̀. A ti ń gbọ́ ariwo omi náà kí a tó rí ilé kankan. Bàbá mi ní ogun kankan kò wọ ibẹ̀ rí. Mo rò ó pé, ta ló ka àwọn ogun náà? N kò béèrè.

Àṣà wọn ni pé ọmọ tó bá ń wọ ìlú fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gba ẹnubodè ìdílé rẹ̀, kí ìyàwó ilé tó dàgbà jù níbẹ̀ sì fi oríkì kí i káàbọ̀. Ní ẹnubodè òkè, bàbá mi ní kí n bọ́ bàtà. Ìyá arúgbó kan jókòó lábẹ́ igi odán, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà béèrè orúkọ baba ńlá wa. Bí wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Ọmọ mi, mọ́tò rẹ mọ̀nà, ìwọ gan-an ni o ò mọ̀nà. Ibí kọ́ ni tiyín. Ẹnubodè omi ni wọ́n gba baba ńlá rẹ wọlé, nígbà tí ogun lé e dé."

"Ìyá, oníbodè ni wá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá mi ni."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ọkọ tèmi náà sọ fún mi pé òun ò ní fẹ́ ìyàwó kejì."

Mo retí kí bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọn kò rín. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sí ìdí omi náà. Ìrì omi rin aṣọ wa gbingbin. Ọkùnrin kan ń fọ alùpùpù níbẹ̀, nígbà tó gbọ́ ẹjọ́ wa, ó ní, "Ta ni wọ́n ń fi ṣọ́ ibi tí kò ní odi, bí kò ṣe akọni?"

Mo bi bàbá mi pé nínú bàbá tiwọn, ìyá náà àti ọkùnrin yìí, ta ló ń parọ́.

"Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ." Òwe tí wọ́n máa ń pa bí mo bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, ó kàn tún rú mi lójú ni: èwo ni orísun wa?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a ti padà sí Ìbàdàn, mo kúnlẹ̀. Màmá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n wo bàbá mi, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé o sùn dáadáa?" Ó parí síbẹ̀. N kò gbọ́ oríkì náà mọ́ títí mo fi dàgbà. Ó pẹ́ tí mo fi rò pé ìbéèrè mi ló bà á jẹ́.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà níbí. Ó lè jẹ́ pé àlejò ni àwọn baba ńlá wa, tí ará ìlú fi wọ́n ṣọ́ ibi tó léwu jù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, oníbodè náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àbá lásán ni. N kò ní ẹ̀rí.

Ní Sátidé tó kọjá, mo pe màmá mi lórí fóònù, tí a sì ń rí ojú ara wa, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kì mí.

"Èwo? Ti òkè ni àbí ti omi?"

Ẹnu yà mí. Wọ́n ní àwọn ti lọ kọ́ èkejì lẹ́nu ìyá abẹ́ igi odán kí ìyá náà tó kú. "Bàbá rẹ ló ní kí n dúró ná, kí òun wádìí èyí tó jẹ́ òtítọ́. Ó ṣì ń wádìí."

Mo rí bàbá mi lẹ́yìn wọn, wọ́n di ìwé ìròyìn mú, wọn kò ṣí i.

"Mò ń gbọ́ o. Èwo?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà náà ì bá ti ní kí wọ́n ki méjèèjì, kí ilẹ̀ sáà ti mọ́. Èmi tí mo kàwé gboyè ṣì ń wá ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀.