Àpótí tí Kọ̀ǹpútà Àdìkẹ́ Kò Rí Mọ́

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má retí Ìjàpá nínú rẹ̀. Àdìkẹ́ ìyàwó ọmọ mi ló ni ín, ojú mi ló sì ṣe, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí tẹ́ṣàn rélùwéè Ọ̀fà. Ọdún tó ṣáájú èyí tí ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá ni.

Iṣẹ́ taipuráítà ni Àdìkẹ́ ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlemọ̀nà. Ìka rẹ̀ yá ju ẹnu mi lọ, gbogbo ẹni tó bá mọ̀ mí ló sì mọ̀ pé ẹnu mi ò lọ́ra. Nígbà tí wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró, tó kan òun náà, kò sunkún. Ó gba ṣọ́ọ̀bù, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù, ó ń bá àwọn ọmọ Pọ́lì tẹ iṣẹ́ wọn. Nígbà tí inú kọ̀ǹpútà náà kún, Lukman àbúrò rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi háàdì díìsìkì kan ránṣẹ́ sí i. Ní tèmi o, àpótí ni mò ń pè é. Kò ju odidi búrẹ́dì kan lọ. Wáyà kan so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, wáyà kejì ló ń fún un níná. Ohun tí Àdìkẹ́ ò fẹ́ kó sọnù, inú rẹ̀ ló ń kó o sí.

Ti Bàbá Akínwándé ló sì ń kẹ́ jù. Bàbá yìí ti ṣe ọ̀gá tẹ́ṣàn rí, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dé lákòókò. Ojú rẹ̀ ò gbé ìwé kíkọ mọ́, ló bá ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á máa sọ ìtàn ayé rẹ̀, Àdìkẹ́ á máa tẹ̀ ẹ́. Kò sí lórí pépà kankan. Láti ẹnu bàbá, inú àpótí ló ń bọ́ sí.

Lọ́jọ́ kan ni NEPA mú iná dé tagbáratagbára, ó jó firíìjì Asiata tó wà lódìkejì ọ̀nà. Ẹ̀rù ba Àdìkẹ́. Tẹ́lẹ̀, súìṣì kan ló ń tan gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ní òun ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ kúkú mọ̀ bí a ti ń ṣe é níbí: bí iná bá dé, gílóòbù la ó kọ́kọ́ fi dán an wò, bó bá dúró dáadáa, a ó wá máa tan nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá wọ́n jù la ó fi ṣe ìkẹyìn. Àdìkẹ́ tan gílóòbù, ó tan kọ̀ǹpútà, ó dúró títí tí ojú rẹ̀ fi là tán, ó tó wá tan àpótí.

Iná kékeré ara àpótí tàn. Ó ń kùn bí ológbò tó yó. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

"Màámi, kò rí i."

"Ṣé ojú ń dun òun náà ni?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Màámi. Ìrọ̀lẹ́ òní ni Bàbá Akínwándé ń bọ̀ wá gbọ́ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Ó yọ wáyà, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó kì í padà. Ó pa gbogbo rẹ̀, ó tún un tàn, gílóòbù ṣáájú, àpótí kẹ́yìn. Bákan náà ni. Ló bá ránṣẹ́ pe Adétóyè tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Ẹ káàsán, Ìyá."

"Káàsán, dókítà. Aláìsàn rẹ ń bẹ nínú ilé."

Adétóyè gbé etí lé àpótí, ó mirí. "Iná tó jó firíìjì yẹn ti kan òun náà. Ẹ jẹ́ n tú u wò."

"Tó o bá tú u, ohun tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́?" Àdìkẹ́ bi í.

"Mi ò lè ṣèlérí, Àǹtí."

"Kí lo wá lè ṣèlérí?" èmi nìyẹn.

"Pé mà á dì í padà bí mo ṣe bá a, Ìyá."

"Bó o ṣe bá a kọ́ la fẹ́."

Àdìkẹ́ gbé ọwọ́ lé àpótí náà bí ẹni ń wo orí ọmọ tó ní ibà. "Ohun tí mà á sọ fún bàbá ni mò ń rò. Ọjọ́ tó sọ ti ikú ìyàwó ẹ̀, ẹkún ló fi sọ ọ́. Ṣé kí n ní kó wá tún un sun ni?"

Adétóyè ṣí àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó mú sukurudiráfà jáde. Ó na ọwọ́ sí wáyà kó yọ ọ́ kúrò lára iná, NEPA sì mú iná lọ. Ṣọ́ọ̀bù ṣú, kò sí bó ṣe fẹ́ rí nọ́ọ̀tì tú. Lọ́jọ́ mìíràn, bí iná bá ti lọ báyìí, Àdìkẹ́ á ti sáré pa súìṣì gbogbo. Lọ́jọ́ yẹn, ọkàn rẹ̀ ò sí nílé. Ibẹ̀ la jókòó sí tí iná fi dé, kọ̀ǹpútà àti àpótí jí lẹ́ẹ̀kan náà. Àdìkẹ́ fò dìde kó lọ pa wọ́n.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Adétóyè wí. Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ó ti rí i."

Gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀, ti Bàbá Akínwándé látòkè délẹ̀. Adétóyè bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń jí lọ́wọ́ ló máa ń wo ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ń jí àpótí lẹ́yìn tó ti wò tán. Kò sóhun tó ṣe é."

"Kò lè tún fojú wò lẹ́ẹ̀kejì?" mo ní.

"Irú èyí ò mọ̀ ọ́n ṣe, Ìyá. Òun ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ tàn, kí kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e. Èmi náà ò ronú kàn án o, mo ti fẹ́ tú u."

"Ọpẹ́lọpẹ́ NEPA," mo ní. N kò rò pé ẹnu mi á sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé.

Àdìkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi gèlè nu ojú. Nígbà tó dìde, ó ní inú àpótí nìkan ò tó mọ́, kí iná tó tún lọ, òun á tẹ gbogbo rẹ̀ sórí pépà. Ó tan púríńtà, ìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, pépà ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀.

Ibi tó ń pariwo dé nìyẹn tí Bàbá Akínwándé fi ọ̀pá wá ọ̀nà wọlé. Ó dúró, ó tẹ́tí.

"Àdìkẹ́, kí ló ń dún gbàgà-gbàgà bí ọkọ̀ ojú irin níbí?"

"Ìtàn yín ni, Bàbá," ni Àdìkẹ́ wí, ó fa àga fún un. "Ẹ jókòó dè é. Ó ti ń wọlé bọ̀."