Ààwẹ̀ Tí Ọkọ Mi Kò Gbà

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ mi dá ọkọ̀ dúró láàárín Òkukù sí Inísà lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe pé èrò kankan fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Iwájú ni mo jókòó sí, mo gbé àwọn abọ́ tánganran tí n kò rí tà lọ́jà lé ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ti dá ọkọ̀ dúró, wọ́n á wọ inú igbó lọ, wọ́n á sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin kan pòṣé lẹ́yìn, ó ní, "Dírẹ́bà, ṣé ẹmu lẹ mu láàárọ̀ ni?" Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ọkọ mi ni. Ìgbà tí wọ́n padà sídìí sítíárìn ni mo rí i pé iwájú ṣòkòtò wọn tutù, wọ́n sì ń fa ẹ̀wù bò ó. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni Bàbá Tinúkẹ́.

Nígbà tí a dé Inísà, mo bi wọ́n bóyá ara ń dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ máa ń fa ìtọ̀." Ọyẹ́ ń fẹ́ lóòótọ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, èmi náà kò sì jìnnà sí i. Bọ́ọ̀sì kékeré tiwọn ni wọ́n ń wà láti Ìkìrun, níbi tí ilé wa wà, dé Inísà àti Òkukù.

Nítorí ẹni tí irú èyí wà nílé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí tí n kò kà sí. Wọ́n ń jí tọ̀ nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n á dúró pẹ́ kí ìtọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, bó bá sì bẹ̀rẹ̀, kò ní lágbára, á kàn máa kán ni. Wọ́n á jáde ní balùwẹ̀ tán, wọn kò ní tíì dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n á fi tún yíjú padà. Mo rò pé inú ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni wọn kò mu omi mọ́. Màá gbé omi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ, bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ náà ni màá bá a. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní àwọn ń gbààwẹ̀ ni. Ẹ gbọ́, ọkọ tí mo fẹ́ kì í ṣe ẹni ààwẹ̀. Ní ìjọ Aládùúrà wa, bí ìwàásù bá ti gùn díẹ̀, wọ́n á ti sùn lọ nínú sùtánà funfun, èmi ni mo máa ń rán ọmọ kí ó lọ jí wọn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fọwọ́ kan ọkùnrin náà. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá sọ pé òun ń gba ààwẹ̀ aláìfomikanẹnu láti àárọ̀ dọjọ́rọ̀, kí ni kí n sọ? Mo ní Ọlọ́run ti dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà kò gbé inú mi. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn ìyá, ó sì dé etí olùṣọ́-àgùntàn wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, olùṣọ́ pe Bàbá Tinúkẹ́ síwájú, wọ́n ní kí ìjọ wo bàbá tó ń wakọ̀ nínú oòrùn láìfi omi kan ètè. Ìjọ hó halelúyà. Orí mi wú lórí ìjókòó àwọn ìyá. Ọkọ mi kàn dorí kodò ni, mo sì rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n gbé ọkọ̀ wálé ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán láìparí iṣẹ́. Wọn kò lè nàró. Òógùn bò wọ́n, wọ́n sì ń mí bí ẹni tó sáré. Wọ́n ní láti àárọ̀, ìtọ̀ kò tíì kán rárá. Mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ìdodo wọn, ó le, ó sì ga bí ikùn aboyún oṣù márùn-ún. Mo ní kí n bu omi àdúrà wá fún wọn mu.

"Má fi omi kàn mí!" Wọ́n ti ọwọ́ mi dànù. "Ìyá Tinúkẹ́, mi ò gbààwẹ̀ kankan. Tí mo bá mu omi, mi ò lè wakọ̀ dé Inísà láìdúró. Àwọn èrò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Láti oṣù méjì? Ẹ ò sì lè sọ fún mi?"

"Inú ẹ ń dùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Inú kọ́kọ́ bí mi, mo fẹ́ bá wọn jà nínú ìrora tí wọ́n wà yẹn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ayọ̀ tèmi ni kò jẹ́ kí ọkọ mi lè la ẹnu sọ pé ara òun kò yá.

Aládùúgbò kan fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkìrun. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ọkọ mi kò lè jókòó, wọ́n di ògiri mú títí ó fi kàn wá. Nọ́ọ̀sì mú rọ́bà tín-ín-rín kan, ó fi òróró sí i, ó sì rọra tì í gba ojú ara wọn wọnú àpòòtọ̀, ìyẹn àpò tí ìtọ̀ ń gbé. Ó dùn wọ́n, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí rọ́bà ṣe débẹ̀ ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó pọ́n bí tíì, ó kún ike kan, ó tún ń kún èkejì. Omi bọ́ lójú ọkọ mi, wọ́n sì sùn lọ síbẹ̀.

Dókítà ṣàlàyé fún wa. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ àpòòtọ̀ tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, ọkùnrin nìkan ló ní in. Pírósíteèti ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ ọ̀dọ́, kò ju àwùsá lọ. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, ó lè máa wú, á sì fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Kì í ṣe àtọ̀sí, kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fi ránṣẹ́. Àtọ̀sí gan-an ni ọkọ mi ń bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn máa pè é, tí wọ́n fi ń ra kápúsù mu ní ìkọ̀kọ̀. Dókítà ní àìmu omi kò tún nǹkan kan ṣe, ńṣe ló dá kún un. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò fi hàn pé ìtọ̀ tó há ti ń pa kíndìnrín lára. Bí a kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ, kíndìnrín yóò dáṣẹ́ sílẹ̀, ikú ló sì ń tẹ̀ lé e.

Òṣogbo ni wọ́n ti máa ṣe é. Rọ́bà náà wà lára wọn títí di ìgbà yẹn, àpò ìtọ̀ kékeré kan so mọ́ itan wọn lábẹ́ ṣòkòtò. Èmi ni mo ń dà á. Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ wọn ru kọjá ààlà, wọ́n ní kí a padà sílé. Kí a tó padà lọ, ibà mú wọn, wọ́n ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ méjì. Kòkòrò àrùn ló gba ojú rọ́bà wọlé. Ìyẹn gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ méje.

Nígbà tí ara wá balẹ̀ tán, ọkọ mi ní àwọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ wọn ti sọ ìsọkúsọ fún wọn ní gáréèjì. "Òbúkọ ni wọ́n ń tẹ̀ lọ́dàá, kì í ṣe èmi. Ẹ jẹ́ kí rọ́bà wà níbẹ̀." Tinúkẹ́, àkọ́bí wa tó jẹ́ tíṣà ní Inísà, kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbà. Mo mọ ohun tó ń jà wọ́n láyà. Mo sì mọ̀ pé wọn kò lè bi ọmọdékùnrin dókítà tó jẹ́ ẹgbẹ́ àbíkẹ́yìn wa. Nítorí náà, mo tàn wọ́n pé kí a kàn lọ pààrọ̀ rọ́bà. Nígbà tí a dé iwájú dókítà ní Òṣogbo, mo bi í fúnra mi.

"Dókítà, ẹ má bínú. Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ṣé bàbá yìí á ṣì lè bá mi sùn?"

"Ìyá Tinúkẹ́!" Ọkọ mi fi fìlà bo ojú. Nọ́ọ̀sì kọjú sí fèrèsé.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ìbéèrè gidi nìyẹn. A ò ní fọwọ́ kan nǹkan ọmọkùnrin wọn. Abẹ́ ìdodo la máa là, a ó yọ ohun tó wú kúrò. Ọ̀pọ̀ ló ń padà sí bí wọ́n ṣe wà. Àwọn kan kì í padà bẹ́ẹ̀, mi ò ní tàn yín. Àtọ̀ lè má jáde síta mọ́, inú àpòòtọ̀ ló máa padà sí, kò sì léwu."

Mo ní, "Ìyẹn ò burú. Ọmọ tí a bí ti tó wa."

"Ta ló bi ẹ́?" ni ọkọ mi wí lábẹ́ fìlà. Èjìká wọn sì ń mì. Ẹ̀rín ni. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé.

Tinúkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n gún ọkọ mi lábẹ́rẹ́ ní ọ̀pá ẹ̀yìn kí ìsàlẹ̀ ara lè kú tipiri, wọ́n sì gbé wọn wọlé. Èmi tí mo máa ń ṣáájú àdúrà níjọ, n kò rí gbólóhùn kan so pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn. "Jésù" nìkan ni mo ń pè. Nígbà tí wọ́n gbé wọn jáde, ohun tó wà nínú rọ́bà pupa fòò. Mo fẹ́ pariwo. Nọ́ọ̀sì ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé omi tó ń kán wọlé ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ jáde kó má baà dì. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ti mọ́. Ṣùgbọ́n àpòòtọ̀ a máa há mọ́ wọn nígbà míràn, wọ́n á di irin bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n á máa ké pe ìyá wọn tó ti kú tipẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, nọ́ọ̀sì yọ rọ́bà. Ó ní kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n sì lọ gbìyànjú. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ó dákẹ́, ó tún dákẹ́. Mo ń rò ó pé bí kò bá jáde ńkọ́, pé ibo la tún ń lọ. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ, ó ń dà ṣooro sínú ike. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Kò parí síbẹ̀ yẹn. Fún nǹkan bí oṣù méjì, ìtọ̀ ń jò, wọn kò lè dá a dúró. Mo gé ìró àtijọ́ fún wọn láti máa dì. Ojú tì wọ́n. Mo ní aṣọ ọmọ mẹ́fà ni mo ti fọ̀, ti ọkọ kan kò lè pa mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró de èsì ohun tí wọ́n gé jáde. Kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Nígbà tí a ṣe ìdúpẹ́ níjọ, mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ọkọ mi, mo sì sọ òtítọ́. Mo ní kò sí ààwẹ̀, àìsàn ni, èmi ni mo fi yangàn. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn ọkùnrin ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí Bàbá lọ́sàn-án, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti gbé àga fún wọn, mo máa ń wá ibìkan lọ, kí wọ́n lè rí àyè sọ ti ara wọn.

Nílé wa, a kì í jẹun láìgbàdúrà sí i. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi pé kí n dúpẹ́ fún èyí tó ń jáde. Ara àgbà kò rí bíi ti ọ̀dọ́, ohun kékeré ló ń mú un dúró, a kì í sì í mọ orúkọ ohun náà títí yóò fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní àràárọ̀ báyìí, bí ọkọ mi bá ti wọ balùwẹ̀, màá pa ohun tí mo ń ṣe tì, màá tẹ́tí. Bí wọ́n bá jáde, màá kúnlẹ̀ kí wọn pé, "Ẹ kú ewu o."

"Ewu iná kì í pa àwòdì," wọ́n á dáhùn. "Obìnrin yìí, o tún ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà?"

Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo dúró.