Bí Mo Ṣe Gbé Kọ̀ǹpútà Lọ sí Ìbàdàn Láìgbé Ojú Rẹ̀ Dání

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni mo ti dé ìdíkọ̀ Ìlọrà, tí mo gbá kọ̀ǹpútà mi mọ́ra nínú aṣọ ìbora. Kì í ṣe òtútù ló mú mi wé e. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tí mo gbé. Àbúrò mi tó wà ní London ló fi ránṣẹ́ sí mi, àlòkù ni, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì wà gàdàgbà níwájú rẹ̀. Òun ni mo fi ń tẹ ìwé ìdánwò fún ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ka dísìkì mọ́, ìyẹn pẹlẹbẹ kékeré tí à ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí.

Rájì tó ń tún rédíò ṣe ní Fìdítì ló kọ́kọ́ bá mi wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ibi tó ń ka dísìkì ti kú, pé Ìbàdàn ni mo ti lè rí òmíràn. Bí mo ṣe ń kó ẹrù mi jáde ló ní, "Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ gbé e tòun ti ojú rẹ̀ o. Irú èyí kì í dá rìn."

Èyí tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n ló ń pè ní ojú. Mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n ara fu mí. Àpótí ló bàjẹ́, ojú kò ṣe nǹkan kan. Kí ló wá kàn án bóyá mo gbé ojú tàbí n kò gbé e? Àfi bí òun àtàwọn ará Ìbàdàn bá jọ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ìfura loògùn àgbà. Mo ti ojú mọ́ yàrá, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Mo tún fi òwú pupa so gbogbo wáyà tí ọwọ́ mi tó nínú àpótí, bí a ṣe ń so àkísà mọ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀ kí aládùúgbò má baà ní tòun ni.

Náírà mẹ́wàá ni owó ọkọ̀ nígbà náà. Dírẹ́bà ní kí n gbé ẹrù sí bùùtù, mo ní ó tì.

"Kí ló wà níbẹ̀, Bàbá? Ọmọ tuntun ni?"

"Ìwé ni."

"Ìwé wo ló wúwo tó báyìí?"

Mo fa aṣọ ìbora náà mọ́ra. Ó gba náírà márùn-ún lé e, mo sì gbé ẹrù mi lé itan títí itan fi kú. Ní Fìdítì, àwọn ọlọ́sàn yí fèrèsé ká. Ọ̀kan ní kí n gbé ẹrù mi sílẹ̀ ná kí n lè ṣa ọsàn dáadáa. Mo ní ohun tó ń wá gan-an nìyẹn, mo wo iwájú. Láti ibẹ̀ dé Ìròkò, kòtò ló pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Bí ọkọ̀ bá ti já sí kòtò, màá tẹ́tí sí inú àpótí bóyá nǹkan kan já. Oòrùn ti yọ nígbà tí a dé Ìbàdàn. Mo jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà náírà mẹ́ta ní Dùgbẹ̀, ẹrù mi wà láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó gbé rédíò wá a jókòó ti ẹni tó ń tún un ṣe, wọn a jọ máa yọjú wo inú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìbàdàn, wọ́n ní kí n dúró níwájú kọ́tìnì kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọlé. Mo ní bí wọn kò bá ká kọ́tìnì, n kò ní í tú aṣọ ìbora. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó so táì mọ́rùn ló rẹ́rìn-ín, ó ká a. Ó ṣí àpótí.

"Ọ̀gá, ta ló kó irun fún kọ̀ǹpútà yìí?"

Mo lejú mọ́ ọn. Ó yí àpótí síwá, ó yí i sẹ́yìn, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kò síbi tí wáyà iná ń gbà wọlé. Ó fi inú kọ̀ǹpútà mìíràn hàn mí: àpótí irin kan wà ní igun rẹ̀ tó ń gba iná NEPA, tó sì ń pín in kiri. Kò sí irú rẹ̀ nínú tèmi.

"Ta ló tú u kẹ́yìn?"

"Ẹnì kan ní Fìdítì."

"Ó ti yọ ọ́ nìyẹn, sà."

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Ẹni tó ti ń fura tipẹ́, bí wọ́n bá ní ó jàre, inú rẹ̀ a dùn, kódà bó jẹ́ ẹrù tirẹ̀ ni wọ́n jí.

Ọ̀sán gangan ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Fìdítì. Ìyá Sàlámì, arúgbó tó ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé rédíò rẹ̀ lé tábìlì Rájì ni. N kò kí ẹnì kankan.

"Rájì, gbé àpótí iná mi jáde! Olè ni ọ́!"

Ẹni tó ń tún rédíò ṣe, bí wọ́n bá ti pè é lólè, ta ni yóò gbé rédíò fún un mọ́? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe pariwo. Ìyá Sàlámì rọra gbé rédíò rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Ó ní, "Mò ń bọ̀," ó sì lọ. Rájì kò wò mí, arúgbó náà ló ń wò títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ gbé ojú rẹ̀ dání?"

"Ojú yẹn náà lo tún ń wá?"

Rájì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ jáde, ó ní kí n gòkè.

Ní Ìlọrà, mo ṣí yàrá. Ó gbé ojú lé àpótí, ó fi wáyà kíki so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà ló fa wáyà iná. Ẹ̀yìn ojú ni wáyà náà ti jáde. Odindi ọdún kan ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi ki í bọ ògiri, n kò bi ara mi rí ibi tó ti ń bọ̀. Ó tẹ bọ́tìnì, méjèèjì tàn.

"Inú ojú ni àwọn tó ṣe èyí fi àpótí iná sí. Tiwọn nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, kò sì lè bá tẹlòmíràn ṣe."

"Kí ló dé tí o kò là á yé mi?"

"Mo ní kì í dá rìn, Bọ̀dá."

Ojú tì mí dénú egungun. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní iṣẹ́ èṣù ni. Ó ní, "Ó ti tán. Ó tàn lójú tiyín. Ṣùgbọ́n Ìyá Sàlámì ò sí níbí."

Mo tún gun ẹ̀yìn ọ̀kadà padà sí Fìdítì. A bá ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, rédíò wà lórí itan rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro gbogbo ẹjọ́ náà, láti orí ojú dé orí wáyà, mo ní Rájì kò mú nǹkan kan, èmi ni mo ṣì í. Ó gbọ́ ọ tán.

"Akọ̀wé, lọ́sàn-án, o ní olè ni. Nírọ̀lẹ́, o ní olè kọ́. Ẹnu kan náà ni. Èwo ni kí n gbà?"

Rájì kí i pé ó dàbọ̀, ó yí ọ̀kadà rẹ̀ padà, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Mo délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹrù tí mo gbé rìnrìn àjò pé pérépéré, wọn kò tú ìdè òwú kan níbẹ̀, kò sì tíì ka dísìkì síbẹ̀. Ìyá Sàlámì gbé rédíò rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ kejì.